Ibo ni kí n gbé jẹnẹrétọ̀ sí nínú káráfáànù mi?

AkóhùnKétu · Kétu · Ọjọ́ Ajé, aago 8 alẹ́

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni pé mò ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀: orin Ẹ̀fẹ̀, oríkì orílẹ̀, àlọ́ tí àwọn ìyá wa ṣì rántí. Abúlé tí mò ń dé pọ̀ láàárín Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì níná. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń sùn sínú mọ́tò, tí mò ń wá ẹni tí yóò fi sólà rẹ̀ bá mi gba iná sí bátìrì. Lóṣù tó kọjá, mo rí káráfáànù àlòkù kan rà ní Kùtọnu, èyí tí wọ́n kó wá láti Bẹ́ljíọ̀mù. Ilé kékeré orí táyà méjì ni. Gígùn rẹ̀ tó mítà 5, bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, fíríìjì kékeré wà níbẹ̀, tábìlì tí mo lè gbé kọ̀ǹpútà lé náà wà. Níwájú, lórí irin tí a fi ń so ó kọ́ mọ́tò, àpótí kan wà tí wọ́n ṣe fún sílíńdà gáàsì.

Wáyà ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, iná ló kù. Mo fẹ́ ra gúrúpù, ìyẹn jẹnẹrétọ̀, kí n sì dè é mọ́ inú àpótí iwájú yẹn pátápátá kí ẹnikẹ́ni má lè jí i gbé. Wẹ́dà àdúgbò wa ní òun yóò lu ihò méjì sí àpótí náà, ọ̀kan fún sálẹ́ńsà, ọ̀kan fún atẹ́gùn. Ó ní iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Mo fẹ́ fi ẹ̀rọ amúlétutù alágbára ẹṣin 1 kún un, torí ooru oṣù kẹta ní Kétu, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ méjì yìí. Báwo ni jẹnẹrétọ̀ náà ṣe gbọdọ̀ tóbi tó? Ṣé àpótí iwájú yẹn dára?

---

Mẹkáníìkì_Wàndó · Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìnáwó, ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run á jẹ́ kó tura fún yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò. Gbogbo nǹkan tí ẹ fẹ́ fi iná ṣe, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú wáàtì rẹ̀. Gílóòbù LED 4 kò ju wáàtì 30 lọ. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó 65. Fíríìjì kékeré tó 100, fáànù tó 50. Títí dé ibẹ̀, a ò tíì pé 300. Amúlétutù ló máa gbé ìṣirò náà fò. Alágbára ẹṣin 1 ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 900 bó bá ti ń lọ geere, ṣùgbọ́n nígbà tó bá fẹ́ ta, ó lè fa ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibi tí jẹnẹrétọ̀ kékeré máa ń kú sí nìyẹn. Ẹ á gbọ́ ọ: ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, á mí kanlẹ̀, gílóòbù á pọ́n, gbogbo rẹ̀ á wá dákẹ́.

Bó bá jẹ́ amúlétutù àtijọ́ ni ẹ fẹ́ lò, ẹ má wá sísàlẹ̀ wáàtì 3,000. Bó bá jẹ́ amúlétutù íńfátà, èyí tí ń dìde díẹ̀díẹ̀, jẹnẹrétọ̀ íńfátà oní 2,000 tàbí 2,200 lè gbé e. Ẹ sì máa wo nọ́ńbà méjì. Ẹ wo Honda EU22i: 2,200 ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀, ṣùgbọ́n 1,800 ló lè máa gbé láìsinmi. Nọ́ńbà kékeré yẹn ni kí ẹ fi ṣírò.

Ọ̀rọ̀ àpótí yẹn ń kọ mí lóminú. Ẹ jẹ́ kí àwọn mìíràn náà sọ tiwọn.

---

ỌmọPọ́bẹ̀ · Pọ́bẹ̀

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, bùrọ̀dá. Èmi náà ní ilé onígi lórí tírélà kékeré tí mo fi ń ta oúnjẹ láti ọjà dé ọjà. Abẹ́ àga ni mo gbé jẹnẹrétọ̀ tèmi sí, mo gé ilẹ̀kùn kékeré sí ẹ̀gbẹ́, mo sì fi páìpù irin fa èéfín síta. Ọdún méjì rèé, ó ń ṣiṣẹ́. Orí máa ń fọ́ ọmọ tó ń bá mi tà nígbà mìíràn, àmọ́ ooru iná ìdáná ló fà á. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà yín ṣe é.

---

Nọ́ọ̀sì_ÒkèṢábẹ̀ẹ́ · Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ dákun, ẹ má gbé e síbẹ̀. Àbúrò mi ní Pọ́bẹ̀, mo bẹ̀ ọ́, lónìí yìí ni kó o gbé tìrẹ jáde. Orí tó ń fọ́ ọmọ yẹn, mi ò gbà pé ooru ni.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ọdún kọkànlá mi lẹ́nu iṣẹ́ rèé. Gáàsì kan wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì, CO. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, kì í ta ènìyàn lójú. Èéfín dúdú tó ń run yẹn, ènìyàn á sá fún un. CO ni ènìyàn ń jókòó tì láìmọ̀. Bó bá wọnú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ohun tó ń gbé afẹ́fẹ́ ìyè, ìyẹn ọ́síjìn, kiri ara, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọn ju afẹ́fẹ́ ìyè fúnra rẹ̀ lọ ní ìgbà tó lé ní 200. Ó gba ìjókòó, kò sì tètè dìde.

Orí á máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, èébì á máa gbéni, oorun á wá máa kùn ènìyàn. Lọ́dọ̀ wa, ibà ni gbogbo ènìyàn máa kọ́kọ́ pè é. Wọ́n á lo oògùn ibà fún un, wọ́n á ní kó padà lọ sùn sínú yàrá kan náà.

Ojú mi ló ṣe. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, wọ́n gbé tọkọtaya kan àti ọmọ wọn wá sí ilé ìwòsàn tí mo wà nígbà náà. Òjò ló rọ̀ mọ́jú. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí omi má baà pa á, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ yẹn ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ̀rọ kékeré tí a ń há mọ́ ìka aláìsàn kọ 98 nínú 100. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní afẹ́fẹ́ ara wọn pé, nítorí ẹ̀rọ yẹn kò lè mọ ẹ̀jẹ̀ tó gbé afẹ́fẹ́ ìyè yàtọ̀ sí èyí tó gbé CO. A fún wọn ní ọ́síjìn. Bí ènìyàn bá ń mí afẹ́fẹ́ lásán, ó lè gba wákàtí 4 sí 6 kí ìdajì CO tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ́síjìn gidi ló ń mí, wákàtí 1 sí 1 àbọ̀. Ìyá àti ọmọ padà sílé. Bàbá kò padà.

Káráfáànù tí ẹ ń sọ yìí, bó bá gùn ní mítà 5, tó fẹ̀ ní 2, tó sì ga ní 2, kò tó ìdajì ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti yàrá tí mo ń sọ.

---

AkóhùnKétu · Kétu

Ẹ ṣeun, ìyá. Ọlọ́run á tu àwọn ará ilé náà nínú. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun kan ló ṣì ń ṣe mí ní kàyéfì, ẹ má bínú. Ìta ni ilẹ̀kùn àpótí iwájú yìí wà. Kò sí ilẹ̀kùn kankan láti inú àpótí sínú yàrá, ògiri ló là wọ́n láàárín. Ihò wà nísàlẹ̀ àpótí náà tẹ́lẹ̀, kí gáàsì ìdáná tó bá jò lè ṣàn síta, torí gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ṣé ìyẹn kò wá sọ àpótí náà di ìta?

---

Mẹkáníìkì_Wàndó · Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n, èéfín tó gbóná kì í ṣàn lọ sísàlẹ̀ bíi gáàsì ìdáná. Òkè ló ń wá. Káráfáànù àlòkù tó ti rìn láti Bẹ́ljíọ̀mù dé Kùtọnu, oríkèé rẹ̀ ti tú.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́ lásán, ẹ dán an wò. Ẹ ra tùràrí ọ̀tun, ẹ tan án sínú àpótí náà, ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ ti gbogbo fèrèsé, ẹ gbé fáànù sẹ́nu ọ̀nà kó máa fẹ́ afẹ́fẹ́ yàrá síta, torí bí atẹ́gùn ṣe máa ń fa ilé lóru nìyẹn. Kí ẹ wá wọlé, kí ẹ jókòó síbi tí orí yín máa wà bí ẹ bá sùn.

---

AkóhùnKétu · Kétu · Ọjọ́rú, aago 9 alẹ́

Mo ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ yìí.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta kò pé tí mo fi gbóòórùn rẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo dọ̀bálẹ̀, mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Níbi tí wáyà méjì ti gba inú ògiri wọlé láti iwájú, èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń yọ jáde bí òwú tí ìyá àgbà ń ran. Kò kánjú. Ó gun igi bẹ́ẹ̀dì lọ, ó ká sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí. Òmíràn ń yọ níbi tí páìpù gáàsì gbà wọlé. Mo fi ìka dí ọ̀kan, èkejì sì le sí i.

Ara mi bù máṣọ. Ibi tí mo fẹ́ máa gbé orí lé ni.

Àpótí iwájú ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti sọ fún wẹ́dà pé kó má wá mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n wá ṣe?

---

OníTírélà_Àjàṣẹ́ · Àjàṣẹ́

Ẹ kú àmójútó, ará Kétu. Ẹ ṣe dáadáa tí ẹ dán an wò.

Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún inú káráfáànù wà o. Onan ni mo mọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń dè é. Yàrá irin tirẹ̀ ló ń gbé. Ìta nìkan ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sí. Wọ́n á dí gbogbo ibi tí wáyà bá gbà kọjá pa, tí afẹ́fẹ́ kankan kò fi ní lè gbabẹ̀ wọlé. Páìpù èéfín rẹ̀ á gùn kọjá etí ọkọ̀, kò gbọdọ̀ parí sábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn náà, ìwé tí wọ́n fi ń tà á ṣì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sùn sínú ọkọ̀ tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àfi bí ẹ̀rọ tó ń kéde CO bá wà níbẹ̀, tó sì ń ṣiṣẹ́.

Èyí tí a ń gbé lọ́wọ́, wọn ò ṣe é fún àpótí rárá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbogbo ló fi ń mí. Táńkì ẹ̀sáńsì wà lára rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Bí ẹ bá há a mọ́, á gbóná, á máa kú, tàbí kí ẹ̀sáńsì máa rú sókè nínú àpótí náà.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó bá tún fẹ́ ra káráfáànù ní pọ́ọ̀tì: ẹ wo ibi tó ti wá. Ti Bẹ́ljíọ̀mù ń lo 230 fóltì àti 50 Hz, ó sì bá iná wa mu. Ti Amẹ́ríkà ń lo 120 fóltì àti 60 Hz. Mo ní oníbàárà kan tó fi tirẹ̀ sínú iná ìlú láìbéèrè. Maikírówéfù rẹ̀ jó kí n tó dé ibẹ̀.

Ní ti ẹ̀yin, ohun tí mo máa ṣe bó bá jẹ́ tèmi rèé. Irin méjì tó pàdé níwájú bíi lẹ́tà A, níbi tí ọkọ̀ ti ń fà á, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà fi irin ṣe pèpéle kékeré sórí wọn. Ibẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ á máa jókòó bí ẹ bá ń rìn, pẹ̀lú ṣéènì àti págádágodo nítorí olè. Bí ẹ bá ti dúró, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn, kí ẹ fi wáyà gígùn fa iná wọlé. Oní 2,200 yẹn kò ju kílò 21 sí 22 lọ, ọkùnrin kan á gbé e.

Kí ẹ wo irin ìkọ́ náà dáadáa. Wọ́n máa ń tẹ nọ́ńbà sí i, 75 tàbí 100 kílò lọ́pọ̀ ìgbà: òun ni gbogbo ẹrù tí imú káráfáànù lè fi tẹ ìkọ́ mọ́tò. Jẹnẹrétọ̀ àti pèpéle á jẹ nǹkan bí 35 nínú rẹ̀, torí náà ẹ kó ẹrù mìíràn tó wà níwájú lọ sí àárín, lórí táyà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí ẹ gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Bí ìdí bá wúwo jù, káráfáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í jó sọ́tùn-ún sósì, á sì fa mọ́tò tó ń fà á lọ sínú kòtò. Mo ti bá wọn fa méjì jáde.

---

Nọ́ọ̀sì_ÒkèṢábẹ̀ẹ́ · Ṣábẹ̀ẹ́

Mo dúpẹ́, inú mi dùn. "Ọ̀nà jíjìn" yẹn, ẹ jẹ́ kó tó mítà 6 ó kéré tán, bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó dára. Kí sálẹ́ńsà rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí yín, kó má sì sí fèrèsé aládùúgbò níbi tó kọjú sí. Àwọn ọmọ abúlé máa ń yí iná ká, ẹ lé wọn kúrò lẹ́bàá rẹ̀.

Ẹ wá ẹ̀rọ tó ń kéde CO, èyí tí wọ́n kọ EN 50291-2 sí lára. Nọ́ńbà 2 ẹ̀yìn yẹn ló fi hàn pé inú ọkọ̀ àti káráfáànù ni wọ́n ṣe é fún, tí jíjìgìjìgì ọ̀nà kò fi ní bà á jẹ́. Bí CO bá tó 300 nínú mílíọ̀nù afẹ́fẹ́, á ké kí ìṣẹ́jú 3 tó pé. Bó bá jẹ́ 50, ó lè gba wákàtí 1 sí 1 àbọ̀ kó tó ké, torí náà bí orí bá ti ń fọ́ yín, ẹ má dúró de ẹ̀rọ, ẹ bọ́ síta. Ẹ kàn án sítòsí ibi tí orí yín ń wà lóru, kó má jẹ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

---

Oníná_Sákété · Sákété

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti wáyà, torí wọ́n máa ń gbàgbé rẹ̀.

Nínú káráfáànù yín, dìjọ́ntẹ̀ kan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń já iná fúnra rẹ̀, máa wà tí wọ́n kọ 30 mA sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi iná tó jáde wé iná tó padà. Bí ìyàtọ̀ bá wà, iná ti ń jò nìyẹn, ó sì lè jẹ́ pé ara ènìyàn ló ń gbà kọjá, á já ní kíá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ íńfátà kékeré ni wọn ò so nútírà rẹ̀, wáyà tí iná ń gbà padà, mọ́ ara irin rẹ̀. Bí kò bá so, iná tó jò kò rí ọ̀nà padà, dìjọ́ntẹ̀ yẹn á kàn máa wò ni. Ẹ pe oníná tó mọ iṣẹ́ kó so nútírà àti wáyà ilẹ̀ pọ̀ lójú kan ṣoṣo, níbi jẹnẹrétọ̀. Ojú kan ṣoṣo o. Kó wá tẹ bọ́tìnnì ìdánwò tó wà lára dìjọ́ntẹ̀ náà, kó sì tún fi ẹ̀rọ ìdánwò gidi wò ó láti inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, torí bọ́tìnnì yẹn nìkan lè já nígbà tí ìso náà kò tíì sí.

Iná ìlú àti ti jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ pàdé láéláé. Bí pílọ́ọ̀gì káráfáànù bá jẹ́ ẹyọ kan, tí ẹ ń yọ ọ́ níbì kan kí ẹ tó ki í bọ ibòmíràn, ẹ ti bọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí méjèèjì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ra ṣéńjúófà, suíìṣì tí kì í jẹ́ kí iná méjèèjì pàdé.

Wáyà tó gùn ní mítà 15, tí wáyà mẹ́ta wà nínú rẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó 2.5 mm². Ẹ tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kúrò lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó tan iná. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ ní kíká, tí rọ́bà rẹ̀ yọ́ lẹ̀ mọ́ ara wọn bí àmàlà tó ti sùn.

---

BàbáÀgbẹ̀_Kétu · Kétu

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ takuntakun. Èmi ò mọ wáyà, mo mọ atẹ́gùn.

Lásìkò ọyẹ́, àríwá ìlà-oòrùn ni atẹ́gùn ti ń wá. Apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilé rẹ ni kó o gbé e sí, kí atẹ́gùn máa gbé èéfín náà lọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn á ti máa fẹ́, kó o yí i sí òdìkejì. Lójú òjò ńlá, atẹ́gùn ìjì á kọ́kọ́ wá láti ìlà-oòrùn kí òjò tó dé, nítorí náà bí o bá ti rí i tí ojú ọ̀run ṣú, pa á. Kó o mú erùpẹ̀ gbígbẹ, kó o dà á sílẹ̀ láti ibi àyà rẹ, kó o wo ibi tó lọ. Bí a ṣe ń ṣe kí a tó sun oko nìyẹn.

Erùpẹ̀ pupa ọ̀nà wa yìí náà kò ní dẹ̀rọ̀ fún un. Filítà tó fi ń mí, ṣí i wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà ọyẹ́.

---

Mẹkáníìkì_Wàndó · Àjàṣẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀, ọ̀rọ̀ filítà yẹn gan-an ni mo fẹ́ mú bọ̀. Ọ́ìlì rẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 20, torí ẹ́ńjìnnì tuntun máa ń jẹ irin ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wákàtí 100 sí 100, tàbí oṣù mẹ́fà.

Ẹ̀sáńsì ńkọ́? Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023, kpayo, ẹ̀sáńsì ẹ̀bá ọ̀nà tí wọ́n ń kó wá láti ibẹ̀, kì í ṣe owó pọ́ọ́kú mọ́, àwọn kan sì ti ń fi nǹkan mìíràn lú u. Mo máa ń tú kábúrétọ̀ tí omi wà nínú rẹ̀ tó ìkún ìdérí ìgò. Ilé epo ni kí ẹ ti rà á bí ẹ bá lè rí i. Ẹ fi fọ́nẹ̀ẹ̀lì tó ní asẹ́ tín-ínrín rọ ọ́. Kó tutù kí ẹ tó rọ epo sí i. Jẹ́ríkánì kò gbọdọ̀ sùn pẹ̀lú yín nínú káráfáànù. Bí ẹ kò bá ní lò ó fún oṣù kan, ẹ fa ẹ̀sáńsì inú kábúrétọ̀ gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí n tún béèrè nǹkan kan. Ẹ ní orin Ẹ̀fẹ̀ lẹ ń gbà sílẹ̀. Òru ni wọ́n ń kọ Ẹ̀fẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kí ohùn jẹnẹrétọ̀ wà nínú rẹ̀ ni?

---

AkóhùnKétu · Kétu

Ẹ ti tọ́ka sí ohun tó ń dùn mí jù. Rárá o. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yìí, tí Ẹ̀fẹ̀ jẹ́ apá òru rẹ̀, UNESCO ti kéde rẹ̀ lọ́dún 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ogún àfẹnusọ aráyé, àwọn tó sì mọ orin rẹ̀ délé ń dín kù lójú mi. Màmá kan tí mo gba ohùn rẹ̀ ní ọdún tó kọjá ti lọ. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wà lábẹ́ ohùn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò sì rí ọgbọ́n tí mo lè fi yọ ọ́.

---

Mẹkáníìkì_Wàndó · Àjàṣẹ́

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi amúlétutù sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Owó yẹn, ẹ fi ra bátìrì.

Bátìrì lítíọ̀mù kan, 12 fóltì, 100 Ah, á fún yín ní nǹkan bíi wáàtì 1,200 fún wákàtí kan. Bí ẹ bá ń lo gílóòbù, kọ̀ǹpútà àti fáànù òrùlé oní 12 fóltì, ẹ ò ní jẹ ju wáàtì 100 lọ. Ìyẹn á gbé yín láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bátìrì lẹ́ẹ̀dì àtijọ́ oní 100 Ah, ìdajì rẹ̀ péré lẹ lè lò kó má baà tètè kú. Ẹ gbé sólà oní wáàtì 200 sórí òrùlé. Jẹnẹrétọ̀ á wá di ohun tí ẹ ń tàn lọ́sàn-án fún wákàtí méjì nígbà tí oòrùn kò bá sí, nígbà tí gbogbo yín wà níta. Lóru, á dákẹ́. Oní 1,000 tó wúwo tó kílò 13 péré á tó yín nígbà náà. Ẹ ṣáà wo iye áńpíà tí ẹ̀rọ tó ń gba iná sí bátìrì ń fà kí ẹ tó rà á.

---

ỌmọPọ́bẹ̀ · Pọ́bẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ foríjì mí fún ohun tí mo kọ lókè.

Mo gbé jẹnẹrétọ̀ tèmi jáde ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ibi tí mo ti fi irin di páìpù mọ́ sálẹ́ńsà ti là, ó fẹ̀ tó kí n ki ìka bọ̀ ọ́. Dúdú rẹ̀ ti kùn pákó abẹ́ àga láti ibẹ̀ dé ibi tí ọmọ yẹn máa ń jókòó gé àlùbọ́sà. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún, ó gba ọwọ́ mi. Ọdún méjì ló fi jókòó síbẹ̀.

Mo ti mú un lọ rí dókítà, mo sì sọ ọ̀rọ̀ CO fún wọn bí ìyá nọ́ọ̀sì ṣe kọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, orí kò fọ́ ọ mọ́. Ẹ̀yìn igi máńgòrò ni jẹnẹrétọ̀ wà báyìí, mo fi wáyà fà á. Ìyá, ẹ ṣeun. Ọmọ tó ń bá mi tà yẹn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni.

---

Nọ́ọ̀sì_ÒkèṢábẹ̀ẹ́ · Ṣábẹ̀ẹ́

Ọlọ́run ṣeun. Àbúrò, mo ń sunkún bí mo ṣe ń kọ èyí. Máa kíyè sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i. Bí ó bá ń gbàgbé nǹkan, tàbí tí ìṣe rẹ̀ yí padà, mú un padà lọ.

---

AkóhùnKétu · Kétu · Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ṣèlérí pé n ó jábọ̀.

Wẹ́dà ṣe pèpéle náà sórí irin iwájú, ó kùn ún, ó fi rọ́bà táyà àtijọ́ tẹ́ ẹ kí jẹnẹrétọ̀ má baà máa lu irin. Oní 1,000 ni mo rà. A gbé imú káráfáànù lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àgbàdo lọ́jà: kílò 68. Orí ìkọ́ mi, 75 ni wọ́n tẹ̀. Bátìrì kan àti sólà kan wà. Oníná kan láti Sákété wá so nútírà rẹ̀, ó sì fi ẹ̀rọ dán an wò lójú mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Faransé fi ẹ̀rọ CO ránṣẹ́. Mo kàn án sí ògiri lórí ìrọ̀rí, níbi tí èéfín tùràrí ká sí lọ́jọ́ náà. Ihò wáyà àti ti páìpù, mo ti fi sílíkọ́ọ̀nù dí wọn pa, bí jẹnẹrétọ̀ kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé, a wà ní abúlé kan ní ọ̀nà Ṣábẹ̀ẹ́. Mo tan jẹnẹrétọ̀ láti aago 3 sí 5, lẹ́yìn àká, lápá ibi tí erùpẹ̀ tí mo dà sílẹ̀ fò lọ bí Bàbá ṣe kọ́ mi. Lẹ́yìn náà, mo pa á. Nígbà tó di aago 1 òru, màmá àgbà kan jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà káráfáànù, ó kọ orin kan tí ó ní ìyá òun ló kọ́ òun, ó gùn tó ìṣẹ́jú 22. Mo ti gbọ́ ohun tí mo gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀, ìrẹ̀ wà níbẹ̀, ìgbà kan wà tó dúró láti mí, ẹ sì lè gbọ́ mímí náà.

Ẹ̀rọ orí ìrọ̀rí kọ 0 títí ilẹ̀ fi mọ́.